Ẹ̀bi Táyà Kẹrin

Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá

Tauno, ọ̀gá wa, ti gbé iṣẹ́ ọdún yìí lé mi lọ́wọ́, inú sì ti bí mi kí n tó bọ́ bàtà. Táyà oníṣó méje la ó dán wò, ti ìgbà òtútù tí wọ́n kan ìṣó wẹ́wẹ́ sójú wọn kí wọ́n lè di yìnyín mú. Kì í ṣe lára ọkọ̀ ọmọlúàbí tí ń kó ọmọ lọ sí ilé ìwé o, ọkọ̀ asáré ni. Ó pupa, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan sì ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Mo bi Tauno pé ta ní ń wa irú nǹkan báyìí nínú òjò dídì. Ó ní àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ló ń béèrè, pé àwọn olówó Helsinki kì í gbé ọkọ̀ wọn pamọ́ nígbà òtútù mọ́. Ó dáa. Bí wọ́n bá fẹ́ kú, ó kéré tán ká sọ fún wọn táyà tí yóò pa wọ́n.

Hannele, fọkanáísà wa, ti fi téèpù dúdú bo orúkọ tó wà lára gbogbo wọn. Nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀. Bó ṣe rí láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo fẹ́ràn ilé iṣẹ́ kan ju òmíràn lọ. Èmi náà ni n ó kọ́kọ́ fi ẹ̀sọ̀ wa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà kí ìṣó wọn lè jókòó. Epo ti di yúrò méjì àti sẹ́ńtì mọ́kànlá lítà kan ní Ivalo, ìlú wa lókè àríwá. Olè ni wọ́n.

Ọjọ́ 13

Táyà kìíní àti èkejì ti jókòó. Aarto, ọkọ àbúrò mi, pè láti Oulu, ó ní ọkọ̀ òun ń kùn bí oyin lójú ọ̀dà. Mo bi í bóyá ó ti tún pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbé ti ọ̀tún lọ sí òsì kí wọ́n lè jẹ dọ́gba. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún ọkùnrin yìí pé ìṣó tó ti kọ́ bí a ti ń yí síwájú, tó sì ti fì síbi tó fẹ́ fì sí, bí o bá gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀yìn ni yóò máa yí. Yóò tú, yóò sì já bọ́. Mo pariwo lé e lórí títí ó fi pa fóònù. Orí kunkun ni wọ́n fi ṣe ogún ìdílé yẹn.

Ọjọ́ 18

Táyà kẹrin parí kìlómítà rẹ̀ lónìí. Mo wà á dé Utsjoki, mo sì padà. Oòrùn ò yọ, kì í sáà yọ nínú oṣù yìí, àfi ojú ọ̀run tó pọ́n díẹ̀ lọ́sàn-án. Nítòsí Kaamanen, poro méjìlá, àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù, dúró sí àárín ọ̀nà, wọ́n gbé ìwo sókè, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wọ ilé wọn láìkan ilẹ̀kùn. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni mo fi bẹ ẹran.

Nígbà tí mo dé, Hannele ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, ló bá di pé èmi fúnra mi ni mo tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ọjọ́ orí mi. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ọ̀nà ti bò wọ́n. Mo fọ̀ wọ́n. Ṣọ́ọ̀kì tí Hannele fi kọ ọ̀tún àti òsì parẹ́ lára àwọn ti ẹ̀yìn, mo tún un kọ. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kọfí inú ìkòkò ti di kíkorò, kò sì sẹ́ni tó ronú pé kóun se tuntun.

Ọjọ́ 8, oṣù Kínní

Ẹnjiníà tí wọ́n rán wá láti Espoo ti dé. Severi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ń lọ sí báńkì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Inú mi dùn láti bá yín ṣiṣẹ́."

Yín. Èmi tí gbogbo ibùdó yìí ń pè ní ìwọ, títí kan Tauno tó jẹ́ ọ̀gá. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ kan sínú ibojì là ń kí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ní kó máa pè mí ní Irja.

"Ó dáa, Irja," ó wí. "Ṣé ẹ lè fi ibi tí ẹ máa ń jókòó hàn mí?"

Àpótí dúdú kan ló so mọ́ abẹ́ ìjókòó mi. Ó ní ó ń ka ìyára ọkọ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń fì, bí mo ṣe ń yí sítíárì, ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mo bi í bóyá ó ń ka ẹ̀rù. Ó kọ ìbéèrè mi sínú ìwé pélébé kan.

Ọjọ́ 15

Òtútù wọ ìwọ̀n mẹ́rìnlélógójì sábẹ́ òdo. A ò ṣe nǹkan kan. Severi yọ wáyà tí a fi ń mú ẹ́ńjìnnì tráktọ̀ gbóná, ó fi so kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tráktọ̀ kò jí láàárọ̀. Tauno ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 22

Lónìí ni mo gun táyà kẹrin lórí adágún tó ti di yìnyín, ibi tí a ti ń dán wọn wò.

Ọkọ̀ asáré kò dà bí ọkọ̀ yòókù. Sítíárì rẹ̀ yá, táyà líle ti ìgbà ẹ̀rùn ni wọ́n sì fi sọ́kàn tí wọ́n fi ṣe é. Bí o bá fi ti ìgbà òtútù sí i, ojú táyà rọ̀, ó ń mì lábẹ́ rẹ. O yí ọwọ́, ọkọ̀ ronú díẹ̀ kó tó gbọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó jọ máa rìn. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ táyà kò ju kó kìlọ̀ fún mi kó tó fi mí sílẹ̀. Ìkíní kìlọ̀. Èkejì kìlọ̀ jù, bí ìyá ọkọ. Ẹ̀kẹta kò yára ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni.

Ẹ̀kẹrin yìí, iwájú rẹ̀ gé yìnyín jẹ bí ajá ṣe ń gé eegun. Inú mi dùn. Mo wọ kọ́nà gígùn tó wà lẹ́bàá erékùṣù, iwájú gbọ́, mo fi díẹ̀ kún iná, ìdí ọkọ̀ sì lọ. Kò mì, kò ké, kò sọ pé òun ń lọ. Mo yí ká lẹ́ẹ̀méjì, mo sì dúró, mo kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marààrún ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ní ti pé ó ṣeé fọkàn tán, máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún un, ojú àánú sì ni mo fi fún un.

Severi gbójú sókè láti ibi kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní lójú ẹ̀rọ, táyà kẹrin ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo méje. Òun ló yára dúró jù bí a bá tẹ bíréèkì. Ó ní bóyá ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ 24

A jà, kò sì sí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ fi í pamọ́. Ó fi àwòrán ìlà kan hàn mí, aláwọ̀ mẹ́ta, ó ní níbi tí mo ti sọ pé ìdí ọkọ̀ lọ láìkìlọ̀, ìlà fi hàn pé èmi ni mo tẹ iná jù.

Mo ní, "Ìdí tèmi ló wà lórí ìjókòó, kì í ṣe ti àpótí rẹ."

Ó ní, "Mi ò sọ pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Mo kàn ń sọ pé mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ti wa táyà tó bẹ́, mo ti wa èyí tó ń rùn bí ìgbẹ́, a ti fi okùn fà mí jáde nínú òkìtì òjò dídì lọ́nà tí mi ò lè kà tán. Kí ẹni tó yọ wáyà tráktọ̀ wá máa sọ pé òun ò rí i.

Ọjọ́ 30

Mo ní kó wá jókòó ti mí. Ọkọ̀ yìí ní ẹ̀rọ kan tó ń fi bíréèkì mú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó bá fẹ́ yọ̀, alágbàtọ́ ni mo ń pè é. Nígbà tí alágbàtọ́ wà lójú iṣẹ́, Severi jókòó pẹ̀lẹ́, ó ń wo ojú fèrèsé. Mo pa alágbàtọ́. Nígbà tí a dé kọ́nà erékùṣù, ó di ilẹ̀kùn mú, ó di òrùlé mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di etí mi mú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ojú rẹ̀ funfun bí wàrà. Ó ní ta ni yóò pa ẹ̀rọ náà lójú pópó.

Mo ní ẹni tó ra ọkọ̀ asáré ni yóò pa á, torí kí ló fi rà á.

Síbẹ̀, kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà.

Ọjọ́ 6, oṣù Kejì

Tauno pè wá jọ. Ó mú búrẹ́dì ráì àti wàràkàṣì wá, n bá ti mọ̀ pé kò sí ire níbẹ̀. Ó ní táyà kan kò lè ṣe ipò kìíní lójú ẹ̀rọ kó sì ṣe ipò ìkẹyìn lójú ènìyàn nínú ìwé ìròyìn kan náà, pé àwọn òǹkàwé yóò fi wá ṣe ẹlẹ́yà.

Ó wá kọjú sí mi. "Irja, bí o bá lè fi hàn mí kí oṣù yìí tó parí, máàkì rẹ á wọlé. Bí o kò bá lè fi hàn mí, mo máa fa igi lé e, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ la máa lò. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀."

Mo ní ẹ̀rọ kì í ní ẹni tó ń dúró dè é nílé pẹ̀lú. Ó ní kí n mú búrẹ́dì. Mi ò mú un.

Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ronú nípa rẹ̀ nìyẹn: bí kò bá sí ìjókòó yìí mọ́, kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó mọ bí yìnyín ṣe ń rí lábẹ́ ìdí. Ta ló fẹ́ rà á?

Ọjọ́ 13

Laskiainen, ọdún àjẹyó kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Hannele ra búrẹ́dì dídùn oníkírímù, ti álímọ́ńdì ni, bó ṣe yẹ. Severi béèrè bóyá èyí tí wọ́n fi jáàmù sí wà. Mo dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ọjọ́ 14

Òjò dídì láti òru àná, ó dé orókùn. Gbogbo ọjọ́ la fi gbá adágún.

Ọjọ́ 26

Mo ti ṣẹ́gun.

Tauno fúnra rẹ̀ ló wa táyà kẹrin láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Mo dúró lórí òkìtì, ọwọ́ nínú ìbọ̀wọ́, mo ń kà á. Yíyí kìíní, ó rọra. Yíyí kejì, ó ti ń gbà á gbọ́. Ní ẹ̀kẹta, níbi erékùṣù, ìdí ọkọ̀ sá kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ pupa sì wọ inú òkìtì títí kan ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni ọ̀gá wa gbà jáde, fìlà rẹ̀ sì kù sínú ọkọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni tráktọ̀ fi fà á.

Ó ń gbọn òjò dídì kúrò lọ́rùn, ó ní, "Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Mo ní, "Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Máàkì mi yóò wọlé. Wọ́n á kọ̀wé síwájú táyà kẹrin pé kí ẹnikẹ́ni má rà á fún ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì. Lálẹ́, mo wọ sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, mo sì jókòó pẹ́ gan-an, mo ń rántí fìlà yẹn.

Ọjọ́ 29

Tauno ti ní kí Severi padà sí Espoo. Ó ní ẹni tí a sọ ọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò gbọ́ kò wúlò fún ibi tí ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè bá wà. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí torí n kì í parọ́ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹta

Severi lọ. Kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó dé, ó wá bá mi nídìí kọfí. Ó ti ra bàtà tó dáa wàyí, ọjọ́ tó ń lọ.

Ó ní, "Ó gbọ́dọ̀ nídìí. Rọ́bà kan náà ló wà níwájú àti lẹ́yìn, irú ìṣó kan náà. Kí ló dé tí iwájú fi dára bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn fi burú bẹ́ẹ̀? Ṣé a lè wọn ìṣó wọn kí n tó lọ?"

Mo ní oṣù Kẹrin là ń wọn ìṣó, lẹ́yìn iṣẹ́ gbogbo, bó ṣe wà nínú ìlànà nìyẹn láti ìgbà tí òun Severi ṣì ń lo ìtẹ́dìí. Mo ní táyà burúkú ni táyà burúkú ń jẹ́.

Ó ní ó dáa, ó kí mi, ó sì lọ. Ó fi ìwé pélébé rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Ìbéèrè mi ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́: ṣé ó ń ka ẹ̀rù? Ó ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 10

Tauno ní kí n kọ ojú ewé kan fún ìwé ìròyìn, bí mo ṣe mọ̀ pé táyà kẹrin kò dára nígbà tí ẹ̀rọ ò mọ̀. Ó ní kí n fi ọjọ́ gbogbo sí i kí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà má bàa rí ibì kan dì mú. Torí náà mo ṣí ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń kà, mo ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ Aarto àti orí kunkun rẹ̀. Mo dé ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Mo kà á tán. Mo tún un kà.

Mo wọ bàtà, mo lọ sí gbọ̀ngàn táyà. Ọjọ́ Àìkú ni, kò sẹ́nìkan níbẹ̀, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé ńlá. Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tọ́ ìṣó wọn. Ti iwájú fì síbì kan náà, wọ́n le, wọn ò yẹsẹ̀. Ti ẹ̀yìn ń mì lábẹ́ ìka mi bí eyín arúgbó. Mẹ́sàn-án ti já bọ́. Mo wo ibi tí ìyókù fì sí.

Mo ti kọ òsì sára ọ̀tún, mo sì ti kọ ọ̀tún sára òsì. Oṣù mẹ́ta ni ìṣó ẹ̀yìn fi ń yí sẹ́yìn, tí mo sì ń bú wọn.

Ọjọ́ 11

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 12

Mi ò tíì sọ. Mo jẹ ọbẹ̀ ẹja, mi ò mọ adùn rẹ̀. Inú ń bí mi sí Hannele tó lọ tọ́jú eyín, sí Tauno tó gbà mí gbọ́, sí ṣọ́ọ̀kì. Mo mọ ẹni tó yẹ kí inú bí mi sí, ṣùgbọ́n mi ò tíì ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ 13

Mo sọ fún Tauno. Mo gbé ìwé yìí síwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka síbẹ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́nìkan."

Ó gbé ìwé náà padà fún mi. "Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni ìwé ìròyìn máa wọ ilé ìtẹ̀wé. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé mo wọ inú òkìtì. Bí a bá sọ èyí, wọn ò ní gbà wá gbọ́ lórí mẹ́fà yòókù, wọn ò sì ní fi ọ́ sórí ìjókòó yẹn mọ́ láé. Bí a kò bá sọ ọ́, o wà níbẹ̀ títí wàá fi fẹ̀yìn tì. Táyà ò lẹ́nu, Irja."

Mo rò pé mo ti bínú tẹ́lẹ̀ nínú ọdún yìí. Irọ́ ni. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni, tó lé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Espoo torí rẹ̀. Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun kan náà lèmi náà ti ń sọ fún ara mi, gbólóhùn kan sí òmíràn. Mo sọ fún un pé bí kò bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, èmi yóò fi ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí wọn bó ṣe wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fìlà. Mo jáde, mo sì gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi síbẹ̀. Mi ò padà lọ mú un.

Mo pe Severi.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mo gbé ti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ òdì lẹ́yìn tí ìṣó wọn ti jókòó."

Ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún mi?"

"Torí ìwọ lo béèrè."

Ọjọ́ 14

Tauno fi ìbọ̀wọ́ mi sórí àpótí lẹ́tà mi. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀: ẹ tún un ṣe, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ọjọ́ 16

Hannele a máa ra mẹ́rin mìíràn pamọ́ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nítorí ìjàǹbá. A gbé ẹ̀kẹrin tuntun sára ọkọ̀ pupa. Severi, tí mo bẹ̀ pé kó padà wá, wọ bọ́ọ̀sì dé láti Rovaniemi láàárọ̀, kò sùn, ó sì jókòó ti mí. Nuorgam lọ-bọ̀, a tún fi Inari lọ-bọ̀ kún un, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Ìwọ̀n mọ́kànlá péré sábẹ́ òdo, oòrùn mú lójú yìnyín. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n gbogbo bí mo ṣe ń tò ó lẹ́nu, bí ẹ̀sùn ló ń jáde.

Ní Utsjoki mo ní, "Mo jẹ́ kí wọ́n lé ọ. Inú mi sì dùn sí i."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ojú yín fi hàn."

Ó gbé kọfí rẹ̀ mu. Mo rò pé ó ti tán. Nígbà tí a kọjá odò, ó wo nọ́ńbà ìyára, ó wò mí, ó ní, "Irja, o ń lọ́ra jù. Ìyá mi àgbà á ti kọjá wa."

O. Kì í ṣe ẹ mọ́. Mo dákẹ́, kó má bàa rántí, kó sì yí i padà. N kì í lọ́ra. Ìyára tó yẹ ni mo ń wà.

Ọjọ́ 19

Mo ní kí Hannele tún gbé mẹ́ta wá fún mi láìsọ èwo ni èwo, kó bo nọ́ńbà pẹ̀lú. A pa alágbàtọ́. Ìkíní tó gbé wá, mo mọ̀ ọ́n, èyí tó ń kìlọ̀ jù ni, ìyá ọkọ. Èkejì, iwájú gé yìnyín jẹ, ìdí ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ mi kó tó yọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fọwọ́ tọ́ ènìyàn léjìká pé kó kíyè sí ara. Mo yí kọ́nà erékùṣù lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mo kọ mẹ́jọ àbọ̀.

Mo mọ èyí tó jẹ́ kí Hannele tó bọ́ téèpù. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì sunkún, ó sì bí mi nínú pé Severi rí mi. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá kan fèrèsé, ó na ìwé pélébé sí mi pé kí n kọ ohun tí mo rí lára rẹ̀ síbẹ̀, torí àpótí ò ní ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin

Ìwé ìròyìn dé. Táyà kẹrin ṣe ipò kejì. Àlàyé mi wà nínú àpótí kan lójú ewé kejìlélógójì, orúkọ mi gàdàgbà, pé dírẹ́bà àgbà ló pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí òsì, pé kí òǹkàwé má ṣe irú rẹ̀. Ìpolówó oúnjẹ ajá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tauno kò tíì sọ fún mi bóyá mo ní ìjókòó lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé.

Aarto pè láti Oulu kí n tó mu kọfí tán. Ẹ̀rín ló ń rín, fún ìṣẹ́jú kan gbáko lójú aago mi, mo sì jẹ́ kó rín in tán.

Ọjọ́ 29

A bọ́ táyà oníṣó kúrò lára ọkọ̀ pupa lónìí, a fi ti ìgbà ẹ̀rùn sí i, yóò padà lọ sí gúúsù. Yìnyín adágún ti dúdú létí. Severi ti bá ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ ní Tampere, ṣùgbọ́n ó wá bá wa palẹ̀ mọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹrin, Hannele na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo gbé e fún Severi. Kò gbà á, ó lọ mú ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì.

Ó ní, "Wá yẹ̀ ẹ́ wò, Irja."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ìka tọ́ ìṣó wọn, mo wo ibi tí wọ́n fì sí. Ó tọ̀nà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó bí mi nínú díẹ̀ pé ó tọ̀nà.